Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tuntun, ọta fọ́n ká lójú páálí: ṣé ìbọn ló bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdẹ ni mí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ṣakabùlà bàbá mi ni mo ti ń lò bọ̀. Lóṣù tó kọjá ni mo ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì tuntun, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé páálí kan ti ara igi, mo ka ẹsẹ̀ 40, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọta fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Ibi tí mo sàmì sí láàárín kò rí ju ihò kan tàbí méjì lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹnu òsì tiẹ̀ tún máa ń gbá lọ sókè. Èjìká mi sì wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yìn?"

Àrìnpa o. Ẹ má tíì dá ìbọn padà. Nínú ohun tí ẹ kọ, kò tíì sí èyí tó fi hàn pé ìbọn náà ní àléébù. Ẹ ò sọ irú kátíríìjì tí ẹ kì í. Ẹsẹ̀ 40 lè jẹ́ mítà 26 fún ẹnìkan, kó sì jẹ́ mítà 34 fún ẹlòmíràn, pàápàá nínú koríko. Ẹnu méjèèjì ni ẹ sì yìn sí ojú páálí kan náà, bẹ́ẹ̀ ìbọn méjì ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ìdí ìbọn kan ṣoṣo, igi tí à ń gbé ti èjìká, ló pa wọ́n pọ̀. Ẹnu ọ̀tún ní bó ṣe ń da ọta tirẹ̀, ẹnu òsì ní tirẹ̀, kátíríìjì tí ẹ bá sì pààrọ̀ lè yí ìṣe àwọn méjèèjì padà. Bébà ni yóò sọ èyí fún yín. Ẹ má gbọ́ ti ọdẹ tó ní tòun ń pa ìgalà láti yáàdì 60. Ẹ yìn ín sí bébà, kí ẹ kà á.

Kí ẹ tó tún yin ẹyọ kan, ẹ ṣẹ́ ìbọn náà, ìyẹn ni pé kí ẹ ṣí i níbi tó ti ń ká, kí ẹ yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò lára ìdí, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n fín sábẹ́ ọ̀pá níbi tó tẹ́jú. Ẹ ó rí nǹkan bíi 12-70 tàbí 12-76. 12 ni ìwọ̀n ẹnu. Bí wọ́n bá rọ òjé di bọ́ọ̀lù tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀pá yẹn, 12 irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ló ń wọn pọ́n-ùn kan, ìyẹn gíráàmù 454. Fífẹ̀ ọ̀pá sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 18.5. Nọ́ńbà kejì ni gígùn ilé ọta, ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí, ní mìlímítà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Gígùn kátíríìjì lẹ́yìn tí ó ti dún, tí ẹnu rẹ̀ ti là, ni wọ́n fi ń pè é. Nítorí náà, kátíríìjì 76 tí a kò tíì yìn lè wọ ilé ọta 70 wẹ́rẹ́, ìbọn á tì, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó dára. Nígbà tí ó bá dún ni ẹnu rẹ̀ kò ní ráyè là tán. Á há sí ibi tí ọ̀pá ti ń fún, agbára iná tó wà nínú ọ̀pá á sì lọ sókè kọjá èyí tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún. Bí ti yín bá jẹ́ 12-70, kátíríìjì 70 tàbí èyí tó kúrú jù ú lọ ni kí ẹ máa rà. Ẹ kà á lára páálí, kí ẹ tún kà á lára kátíríìjì fúnra rẹ̀, torí àwọn tó ń tà á máa ń da èyí tó ṣẹ́kù nínú páálí kan sínú òmíràn.

Ẹ tún wo àmì ìràwọ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù máa ń ní ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ bí ẹnu ṣe fún tó, ohun tí àwọn aláṣe ìbọn ń pè ní choke. Ìràwọ̀ kan: ẹnu yẹn fún dáadáa, ó fi nǹkan bíi mìlímítà kan dín ju inú ọ̀pá lọ. Ìràwọ̀ mẹ́ta: ó fún níwọ̀nba, bí ìdajì mìlímítà. Ìràwọ̀ mẹ́rin: ó fún díẹ̀ ṣá. CL: kò fún rárá. Nínú ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tíríga iwájú ló sábà máa ń yin ẹnu ọ̀tún, èyí tó ṣí jù. Ti ẹ̀yìn a yin ẹnu òsì, èyí tó fún jù. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọdẹ lè fi ti ọ̀tún mú ẹran tó súnmọ́, kó fi ti òsì bá èyí tó ti ń sá lọ. Ẹni tí ó bá ń fà tíríga bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ti sọ àǹfààní yẹn nù.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò lè fò, ikú wà nínú rẹ̀. Kátíríìjì oníwọ̀n ẹnu 20 kéré ju ti 12 lọ. Bó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ lọ síwájú, á há sínú ọ̀pá, ilé ọta á sì dà bíi pé ó ṣófo. Ọdẹ á rò pé òun kò tíì kì í, á ki 12 lé e lẹ́yìn, á fà á. Ọ̀pá á bẹ́ níwájú ọwọ́ òsì rẹ̀ gan-an. Nítorí èyí ni àwọn aláṣe kátíríìjì ṣe máa ń ṣe 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹ má jẹ́ kí oríṣi méjèèjì wọ àpò kan náà láé, bí ẹ bá tilẹ̀ ń ru ti ọ̀rẹ́ yín.

Èkejì tí ẹni tó ti ìdí ṣakabùlà bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹ̀tù inú kátíríìjì kì í ṣe ẹ̀tù dúdú tí ẹ mọ̀. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ni. Ìwọ̀nba rẹ̀ ní agbára tó ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì. Ẹ má ṣe tú kátíríìjì láti fi ẹ̀tù rẹ̀ ki ṣakabùlà, kódà kó jẹ́ ṣíbí kékeré kan, yóò fọ́ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ yín lójú. Ẹ má sì ṣí kátíríìjì láti fi ọta kún un. Pẹ̀lú ṣakabùlà, ẹ̀yin lẹ ń wọn ẹ̀tù, ẹ̀yin lẹ ń ki ọta. Pẹ̀lú ìbọn yìí, ilé iṣẹ́ ti wọ̀n ọ́n tán. Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ mú èyí tó bá ẹnu ìbọn yín mu.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti dán an wò: ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kò ṣófo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ibi tó jẹ́ igbó láàárín Pókà sí Odòrágúnsìn ti ní ọ̀nà oko, ilé tuntun àti àwọn tí ń wa ẹ̀gẹ́. Ọmọ ọta ń lọ jìnnà ju bí ojú ṣe rò. Ẹ fi 80 sọ ìwọ̀n ọmọ ọta ní mìlímítà di púpọ̀, ẹ ó mọ iye mítà tó lè dé kó tó jábọ́. Ọmọ ọta 2.8 lè dé nǹkan bíi mítà 220. Àwọn ọta ńlá tí wọ́n ń kó mẹ́sàn-án sínú kátíríìjì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 8.4, lè dé nǹkan bíi mítà 670. Nítorí náà, kòtò tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ pupa tán tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ló dára jù, níbi tí ògiri yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ga tó mítà mẹ́ta, tó rọ̀, tí kì í ṣe òkúta. Òkúta máa ń dá ọta padà. Ẹ má kọjú sí ọ̀sà: omi náà máa ń ta ọta sókè, ọkọ̀ apẹja sì lè yọ láti inú eèsún nígbàkigbà. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti olórí ọdẹ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí tèṣàn ọlọ́pàá tó súnmọ́ gbọ́, kí ìwé àṣẹ yín sì wà nínú àpò. Òfin ìbọn ọdún 1959 ló sì ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn tí a ń ṣẹ́ bí ti yín wà lára èyí tí aládàáni lè gba àṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọdẹ ọlọ́mọ-ọta tó ní ẹ̀rọ tó ń ki kátíríìjì sí i, ì báà jẹ́ èyí tí à ń fọwọ́ fà sẹ́yìn tàbí èyí tí à ń fi lẹ́fà abẹ́ rẹ̀ kì, òfin yẹn yọ ọ́ kúrò nínú irú èyí. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi irú rẹ̀ pààrọ̀ ti yín, ẹ kọ̀.

Ẹ wá okùn ọ̀rá àwọn apẹja, mítà 40, ẹ ta kókó sí mítà 15, mítà 25 àti mítà 36 àti ààbọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni yáàdì 40, òun ni ọ̀pọ̀ aláṣe ìbọn fi ń wọn bí ẹnu ìbọn ṣe fún. Ẹ fi ọparun ṣe férémù, ẹ fi bébà tó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ níbùú àti lóròó kọ́ ọ. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹ fi sítáàṣì lẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ fi èédú kun ojú kan tó tóbi tó ìdérí ìgò sí àárín. Fún mítà 25 àti 36.5, bébà kan, kátíríìjì kan. Bí ẹ bá yìn méjì sójú kan, ẹ ò ní lè ka ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Ẹ kọ sára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹnu wo, kátíríìjì wo, gíráàmù mélòó (ìwúwo gbogbo ọmọ ọta inú rẹ̀), ìwọ̀n ọmọ ọta, mítà mélòó. Páálí kátíríìjì kan tó ní 25 á tó gbogbo iṣẹ́ náà: ẹyọ mẹ́ta fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 18, méje á ṣẹ́kù. Mo mọ̀ pé kátíríìjì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹran tó gbọgbẹ́ tó sì lọ kú sínú irà ti jẹ kátíríìjì náà lásán, ó sì jẹ ìyà tí kò yẹ ẹ́.

Ẹ fi nǹkan dí etí. Ìró ìbọn yìí lé ní dẹ́síbẹ̀lì 140, owú lásán kò sì tó. Ẹ ra ìdítí onírọ́bà tàbí ìbòtí. Ẹ wọ awò ojú. Ẹni tó bá bá yín lọ kó dúró sẹ́yìn yín, kó má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹyọ kan ni kí ẹ máa kì, sínú ẹnu tí ẹ fẹ́ yìn nìkan. Kí ẹ tó ti ìbọn, ẹ wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn sí iwájú. Agbọ́n alámọ̀ fẹ́ràn ọ̀pá ìbọn tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, ilé ẹyọ kan tó kọ́ síbẹ̀ sì tó láti bẹ́ ẹnu ìbọn.

Mítà 15 lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, torí pé kì í ṣe fífọ́nká ọta lẹ ń wá níbẹ̀ bí kò ṣe ibi tí ìbọn ń kọ ojú sí. Ẹ lo kátíríìjì tó fúyẹ́, gíráàmù 28, bí ẹ bá rí i. Ní ibí yìí nìkan, ẹ lè yin ẹyọ mẹ́ta láti ẹnu kan sí bébà kan. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ sínú àpò, ẹ gbé e sórí tábìlì tó ga tó àyà, kí ẹ lè dúró láti yìn. Ọwọ́ òsì yín ni kó wà lórí àpò náà, kí ìbọn wà lórí ọwọ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá fúnra rẹ̀ lé ohun tó le, ọ̀pá á ta kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó bá dún, ibi tí ọta lọ kò sì ní jẹ́ òótọ́. Wọ́n tún máa ń yìn ín lórí ìjókòó. Ó dára fún ojú, ṣùgbọ́n èjìká ló ń jìyà rẹ̀, torí ara kò ráyè fà sẹ́yìn.

Ibi tí àárín ihò wọn bọ́ sí ni kí ẹ wò. Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yà sí ọ̀tún tàbí òsì, kò sí wàhálà, bó bá sì lọ sókè díẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu méjèèjì bá jọ ń lọ sísàlẹ̀, ojú yín ló wà nísàlẹ̀ jù: ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ń rì lórí ìdí ìbọn. Ẹ fi awọ fẹ́lẹ́ tàbí pílásítà lé orí ìdí níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé. Ní mítà 15, mìlímítà kan àbọ̀ tí ẹ bá fi gbé e sókè á gbé ọta sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lójú bébà. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ lé e, kí ẹ tún yìn ín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu òsì tó ń gbá sókè wá nìyí. Kì í sábà jẹ́ ọ̀pá. Wọ́n máa ń yin ẹnu ọ̀tún ṣáájú, ìbọn á ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kúrò lórí ìdí, ọwọ́ á sì tún sún sẹ́yìn láti wá tíríga kejì. Ẹni náà kò ní dá ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà sí ibi tó wà kó tó fà á. Ojú tó gbé sókè ń gbé ọta sókè, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ lókè yìí. Ẹ dán ẹnu òsì wò lóun nìkan, láìyin ti ọ̀tún ṣáájú, lórí àpò yẹ̀pẹ̀. Bó bá bọ́ sí àárín, ẹ ti rí ìdáhùn: ìbọn kò ṣẹ̀. Ẹ fi ìbọn tó ṣófo, tí ẹ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń lọ láti tíríga iwájú sí ti ẹ̀yìn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní kúrò. Kátíríìjì àfiṣeré tí kò ní ẹ̀tù ni kí ẹ fi sínú rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀, èyí tó ń lu ìdí kátíríìjì, má baà ṣẹ́. Ìka kan ṣoṣo ni kó wà nínú ilé tíríga. Ẹni tó bá ki ìka méjì bọ̀ ọ́ á yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ kan, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣe èjìká yín nìyẹn.

Èjìká tó wú tún ní ìdí mìíràn. Àwọn tó ń lo ṣakabùlà máa ń jẹ́ kí ìbọn jìnnà sí ara díẹ̀, torí iná ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti yìí kò ní ihò iná. Ẹ wá kòtò tó wà láàárín egungun èjìká àti àyà, ẹ gbé ìdí ìbọn síbẹ̀, ẹ fà á mọ́ra dáadáa. Àlàfo tó tó ìka kan péré ń sọ ìtì di ìlù. Kátíríìjì gíráàmù 36 nínú ìbọn tó wọn nǹkan bíi kílò mẹ́ta máa ń ta gan-an. Kò sì sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lò ó fún ọ̀yà nígbà tí 32 ṣiṣẹ́.

Ó kan mítà 36 àti ààbọ̀. Ẹ fi àpò yẹ̀pẹ̀ yìn ín, ẹyọ mẹ́ta fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, bébà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀. Ẹ so bírò mọ́ okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 38, ẹ fi ìṣó mú ìdí okùn náà ní ibi tí ihò ti pọ̀ jù, kì í ṣe ní ojú èédú, ẹ yí òbírí kan. Òbírí náà á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 76. Ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ máa fa ìlà sórí ihò kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń kà á, kí ẹ má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti mọ ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ ọta tó wà nínú kátíríìjì. Nínú gíráàmù 32 òjé, ọmọ ọta 2.4 tó nǹkan bíi 400, ti 2.8 tó 250, ti 3.3 tó 150. Ẹ gba ìwọ̀n mìlímítà gbọ́, ẹ má gba nọ́ńbà tó wà lára páálí: nọ́ńbà 6 ti Amẹ́ríkà jẹ́ 2.8, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2.6, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ní tiwọn.

Ẹnu tó ní ìràwọ̀ kan yẹ kó kó nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sínú òbírí náà. Ìràwọ̀ mẹ́ta, 60. Ìràwọ̀ mẹ́rin, 50. CL, 40. Bí ti yín bá fi márùn-ún sún síwájú tàbí sẹ́yìn, kò burú.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọta 3.3 lẹ lò, tí ẹnu yẹn sì jẹ́ oníràwọ̀ mẹ́ta, nínú 150, nǹkan bíi 90 ló bọ́ sínú òbírí 76. Ibi tí ikú ọ̀yà wà, láti orí dé àyà rẹ̀, kò fẹ̀ ju ìdérí agolo mílíìkì ńlá lọ, kí a pè é ní sẹ̀ǹtímítà 12. Òbírí ńlá yẹn gba nǹkan bíi 40 irú ìdérí bẹ́ẹ̀. Pín 90 fún 40: méjì lé díẹ̀. Ihò kan tàbí méjì tí ẹ rí láàárín páálí yín nìyẹn gẹ́lẹ́! Ìbọn yín kò fọ́n ọta dànù, ibi tí ẹ dúró sí ló jìnnà ju ọta tí ẹ kì lọ. Pẹ̀lú ọmọ ọta 2.8, 150 á bọ́ sínú òbírí, ìdérí kan á sì gba bíi mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ń ra ọta tó tóbi nítorí pé wọ́n rò pé ó lágbára. Òtítọ́ ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lágbára sí i, àmọ́ iye wọn dín kù, ẹran sì ń gba àlàfo wọn kọjá. Ti ọta ńlá mẹ́sàn-án kò tilẹ̀ ṣeé sọ: mẹ́sàn-án nínú òbírí tó fẹ̀ tó yẹn ní mítà 36 jẹ́ oríire lásán fún ẹran kékeré.

Ìṣirò yẹn sì jẹ́ ìdọ́gba. Bébà gidi kò dọ́gba. Ẹ lu ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 sáàárín páálí kan kó di férémù, ẹ máa fi í rìn lórí bébà. Ẹ ó rí ibi tó gba méje, ẹ ó sì rí ibi tó gba ẹyọ kan. Ibi tó pá yẹn ni ẹran fi ń gbọgbẹ́ lọ. Bí férémù yín bá ń rí ibi tó dín ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín òbírí, ẹ ti kọjá ààlà yín. Ẹ lọ sí mítà 25, kí ẹ tún ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ìbọn, ní ìgbẹ́ Ẹ̀pẹ́ tí ojú kì í rí jìnnà náà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé férémù kún láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Bí ẹnu ọ̀tún bá tó mítà 25 tí ti òsì sì tó 32, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ irú kátíríìjì, àkọsílẹ̀ yẹn ti parẹ́. Ẹ tún yin bébà mẹ́ta míràn. Fún ẹni tó ń lo iná orí lóru, ẹ tún fi okùn yẹn kọ́ ojú yín lálẹ́. Ojú ẹran tó ń tàn kì í sọ bó ṣe jìnnà tó, kì í sì í sọ bóyá ewúrẹ́ ẹni ni.

Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ má ṣẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri yẹ̀pẹ̀, kí ẹ ka 60, nítorí ẹ̀tù tó rin lè pẹ́ kó tó gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́, ẹ wo ojú bàbà kékeré tó wà nídìí rẹ̀. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá jìn dáadáa, kátíríìjì ló burú. Ọ̀rinrin tó máa ń wà lẹ́bàá ọ̀sà ń ba àwọn oníbébà jẹ́ kíákíá, wọ́n á wú, wọn ò sì ní wọ ilé ọta mọ́. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá kàn fara kàn án lásán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú páálí kan, ìbọn ló ni ẹjọ́. Èyí tó bani lẹ́rù jù ni ìró tó lọ sílẹ̀, bí ẹni fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣẹ́ ìbọn, ẹ yọ gbogbo ọta, kí ẹ wo inú ọ̀pá. Ife ọ̀rá inú kátíríìjì lè ti há síbẹ̀. Ẹ fi igi gbọọrọ tì í jáde kí ẹ tó ki òmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fọ̀ ọ́. Láti ẹ̀yìn ọ̀pá ni kí ẹ ti ki búrọ́ọ̀ṣì onídẹ bọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí aṣọ á fi jáde ní funfun, kí ẹ fi òróró ìbọn kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Òróró ẹ̀pà àti epo àgbọn kò dára. Wọ́n máa ń di gọ́ọ̀mù lára abẹ́rẹ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ tàbí tapólì, ọ̀rinrin á sùn síbẹ̀, ìpẹtà á sì ti yọ kí oṣù tó parí. Ẹ nu òróró inú ọ̀pá kúrò kí ẹ tó tún yìn ín. Ní ti ẹran tí ẹ bá fi òjé pa, kí ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù kí ẹ tó gbé e lọ sí ọjà Olúwo tàbí fún ìyàwó ilé, ní fífẹ̀ ọwọ́ kan, torí òjé wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí máa ń tàn ká níbẹ̀, ó sì burú fún ọmọdé àti aláboyún.

Ohun tó lè mú yín dá ìbọn padà kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní, bí abẹ́rẹ́ bá ń kọ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé. Èkejì, kí ẹ yọ igi tó wà lábẹ́ ọ̀pá, ẹ ti ìbọn tó ṣófo, kí ẹ mì ọ̀pá lọ sọ́tùn-ún sósì: bó bá ń jó, tàbí tí ẹ bá gbé e sójú oòrùn tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín ọ̀pá àti ojú ibi tó tì sí, ìdè rẹ̀ kò dán mọ́rán, ẹ má sì tún yìn ín. Ẹ̀kẹta, bí sẹ́fùtì rẹ̀ kò bá dá tíríga dúró, tàbí tó yìn nígbà tí ẹ tì í láìfọwọ́ kan tíríga. Ẹ̀kẹrin, bí àárín ọta ẹnu ọ̀tún àti ti òsì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ jìnnà síra ní mítà 36 àti ààbọ̀, lórí àpò yẹ̀pẹ̀, nínú gbogbo bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ èyí, ẹ ká àwọn bébà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ mọ́ ìwé rírà rẹ̀, kí ẹ gbé wọn síwájú ẹni tó tà á. Kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ sí bébà tí ẹ kọ gíráàmù, mítà àti ẹnu ìbọn sí lára, bó ṣe lè sọ sí páálí ara igi.